Ohun Tó Wà Nínú Yanrìn

Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ìgbín tó ti kú sínú ìkarahun rẹ̀, èébì máa ń gbé mi. Ìyàwó mi kì í se ìgbín nílé wa mọ́. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ rò pé èèwọ̀ ìdílé wa ni. Kì í ṣe èèwọ̀ rárá. Ìríra ni, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ni mo sì ti kó o, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan tó jẹ́ ti ìjọba ní Yábàá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ọdún tí wọ́n ń parí ilé ìṣeré ńlá tó wà ní Ìgànmú ni. Gbogbo Èkó ń kun ilé, wọ́n ń túnlé ṣe, wọ́n ní àlejò ń bọ̀ láti gbogbo ayé. Ní tiwa, ìdọ̀tí la ń kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn pátápátá nínú ọgbà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí ojú irin, ni fáńdìrì wà, ìyẹn wọ́kúṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yọ́ idẹ. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọ́n á fi igi gbẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á di yanrìn mọ́ ọn nínú àpótí, wọ́n á fa igi náà yọ, àyè rẹ̀ á sì kù sínú yanrìn. Wọ́n á fi iná yan yanrìn ọ̀hún títí yóò fi gbẹ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da idẹ tó ti yọ́ gba ihò kékeré kan lókè. Òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tó di yanrìn ni yóò da idẹ. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kò ní í lè ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹlòmíràn.

Òfin kejì ni pé omi kò gbọdọ̀ wọ inú yanrìn yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án. Jethro Túbọ̀sún ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní èyí. Òun ni àgbà nínú àwọn olùkọ́ fáńdìrì. Ó ti kọ́ṣẹ́ dé ìlú òyìnbó, ó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwọn ní Sùúrùlérè, sítọ́kìn funfun sì ni ó máa ń fà dé orúnkún. Ní ọdọọdún, yóò to àwọn ọmọ náà sí ẹnu ọ̀nà, lókèèrè. Yóò ki ìka bọ omi, yóò kán an sínú ihò kan nínú yanrìn, yóò sì da òjé tó ti yọ́ ṣíbí kan sí i. Ohun tó máa dún bí ìbọn nìyẹn. Òjé á fò kan páànù òrùlé, àwọn ọmọ á sá. Jethro á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i?" ni ó máa ń wí. "Ìkán omi kan péré ni o. Ẹni tó bá fi omi sí ibi tí a fẹ́ da irin sí, apànìyàn ni."

Mo ti dúró síbẹ̀ gbọ́ ọ létí ara mi.

Ọ̀gá fáńdìrì wa, òyìnbó kan tó ti darúgbó, padà sílé lọ́dún náà, ipò rẹ̀ sì ṣófo. Gbogbo wa rò pé Jethro ni yóò bọ́ síbẹ̀. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga ọkùnrin náà. Àmọ́ iṣẹ́ méjì tí Jethro dà kẹ́yìn ló jáde pẹ̀lú ihò nínú bíi búrẹ́dì, pirinsípà sì rí i. Nínú ìpàdé olùkọ́, pirinsípà kéde pé a ó da agogo idẹ kan fún gbọ̀ngàn wa lójú àlejò, lọ́jọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ṣílẹ̀kùn fún aráàlú. Gbádé Àkàngbé ni yóò dà á. Bí agogo náà bá dún dáadáa, Gbádé ni ọ̀gá fáńdìrì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Gbádé, ó ń gbé Múṣin pẹ̀lú Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn nínú yàrá kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. A pàtẹ́wọ́ fún un. Jethro pàtẹ́wọ́ jù wá lọ, ó tún dìde lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ jókòó. Ojú ẹni tó gbé nǹkan kíkan mì ni.

*

Ọjọ́ Ìsinmi ni Jethro lọ sí Ìdó, ní ọ̀sán gangan, bí wọ́n ṣe jáde ní ìsìn. Kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi nígbà tó yá, ó sọ ọ́ bí ẹni ń pọ nǹkan jáde, kò sì fi ìkankan pa mọ́.

Ọkùnrin tó lọ bá ń jẹ́ Tìrìmísíyù. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú irin. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Jethro lẹ́nu ọ̀nà. Awọ ẹran tí kò gbẹ dáadáa wà ní kíkọ́ sára ògiri, eṣinṣin aláwọ̀ ewé bò ó. Tìrìmísíyù ń jẹ ẹ̀wà nídìí rẹ̀, kò ka eṣinṣin sí.

Jethro ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ọmọkùnrin náà kú o. Ó ní kí agogo náà sá ti fọ́, kí ojú ti Gbádé lójú àlejò, kí pirinsípà mọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Tìrìmísíyù jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán kó tó dá a lóhùn. Ó fa agolo mílìkì kan tí ewé bò lẹ́nu yọ lábẹ́ ibùsùn, ó ṣí i. Omi ìgbín ló wà nínú rẹ̀, òun àti ìgbín méjì odidi, pẹ̀lú nǹkan mìíràn tó ní irun tí Jethro kò fẹ́ wò.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ìwọ àti ìyàwó rẹ ń sùn lé ni kó wà," ni Tìrìmísíyù wí. "Láràárọ̀, fi ìka kàn án, fi kan ahọ́n, kí o pe orúkọ ọmọkùnrin yẹn. Tó bá di ọjọ́ yẹn, dà á sínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ gbẹ o. Tútù ni kí iná bá a."

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé ife omi lásán kọjá lẹ́nu ọ̀nà fáńdìrì, Jethro á fi ìbínú lé e jáde. Àmọ́ wọ́n ní kó da omi sínú yanrìn, kò béèrè nǹkan kan. Lójú rẹ̀, èyí kì í ṣe omi. Oògùn ni. Ó gbé agolo náà sínú báàgì tí Bíbélì rẹ̀ wà, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sùúrùlérè.

*

Lọ́sẹ̀ kan náà, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lẹ́nu Gbádé. Bí Làbákẹ́ bá gbé ìrẹsì fún un, òórùn òkú nǹkan ni yóò gbọ́. Làbákẹ́ tọ́ ọ wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n lá abọ́. Gbádé jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tutọ́ sílẹ̀ bí aláboyún.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó bá igi tó gbẹ́ ní ìrísí agogo náà lórí tábìlì, níbi tó fi í sí. Ipa ìgbín yí i ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń dán yinrin. Ó wá ìgbín náà títí, kò rí i. Ó nù ún. Lọ́jọ́ kejì ó tún bá a bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ní Ojúẹlẹ́gba, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣàdédé kú mọ́ irin tó dì mú, àfìgbà tí ẹnìkejì bá a tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Làbákẹ́ ní kí wọ́n lọ rí ẹnìkan. Gbádé kọ̀, ó ní àdúrà ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ tí Gbádé ń jọ yanrìn tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ náà. Yanrìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé sórí iná kí ọ̀rinrin rẹ̀ lè lọ ni o, ó gbóná débi pé kò ṣe é fọwọ́ kàn. Bó ṣe mi asẹ́, ìdin ló ṣẹ́kù sójú asẹ́ náà. Ìdin funfun tó sanra, tó ń jà, nínú yanrìn gbígbóná. Gbádé da asẹ́ náà nù, ó sì bọ́ sẹ́yìn wọ́kúṣọ́ọ̀bù lọ bì. Mo ń kọjá lọ nígbà náà, mo bá a níbẹ̀ tó fọwọ́ ti ògiri. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó ní ẹ̀wà tí òun jẹ ni. Èmi mọ̀ pé kò jẹ ẹ̀wà.

Nígbà tó délé tó sọ fún Làbákẹ́, obìnrin náà kò pariwo. Ó wẹ ọwọ́ tó fi ń po gàrí, ó sì mú ìborùn rẹ̀.

"Bàbá Abọ́dúndé," ló wí, "ẹnìkan ń pe orúkọ yín níbi tó rùn. Ẹ wọ bàtà yín ká lọ."

*

Ní Sùúrùlérè, Evelyn ìyàwó Jethro ń wá eku tó kú. Ó ti gbá abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti da Ízàlì tó ń pa òórùn sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Rosaline ọmọ wọn kò wọ yàrá àwọn òbí rẹ̀ mọ́ nítorí òórùn. Jethro bá wọn wá eku náà. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó ń gbé àga, ó ń sọ pé eku ayé òde òní ti pọ̀ jù, wọ́n máa ń kú sínú ògiri. Ó wá sọ fún Evelyn pé kó má ṣe ìyọnu dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ti wo ibẹ̀.

Láràárọ̀, bí Evelyn bá lọ gbé omi kaná, Jethro á dojú bolẹ̀ pẹ̀lú pijáámà rẹ̀, á fa agolo náà, á ṣí ewé. Ìgbín méjèèjì ti yọ́. Ohun onírun náà ti wú, ó sì léfòó. Á ki ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á pe Gbádé Àkàngbé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà á fọ ẹnu rẹ̀, á mu tíì, á fi ẹnu kan náà kó àwọn ará ilé rẹ̀ jọ gbàdúrà òwúrọ̀.

Ahọ́n rẹ̀ dúdú. Iyọ̀ àti ṣúgà kò yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn obìnrin tó wà ní ìjókòó iwájú fi áńkáṣíìfù bo imú, ọ̀kan sì dìde jáde. Jethro rí wọn. Ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà, torí pé ó fi hàn pé oògùn náà ti ń jẹ́.

*

Ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínnì ni Làbákẹ́ mú ọkọ rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ ni Yẹ̀kínnì ń tún ṣe lójúde ní Múṣin, ó sì ń ṣe iṣẹ́ oògùn nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀. Ó gbóòórùn ọwọ́ Gbádé, ó yí ojú kúrò, ó tutọ́.

Abẹ ìfárí kan tó ti dógùn-ún ló fi sín in ní gbẹ́rẹ́ yí ọrùn ọwọ́ méjèèjì ká. Ó fi ìyẹ̀fun dúdú kan ra á, ó jó Gbádé dé orí. Ó wá bu nǹkan kan sínú ṣíbí, ó ki, ó ń yọ̀, ó ní kí ó gbé e mì láìjẹ. Gbádé sọ fún mi pé bí òun ṣe gbé e mì, ó ń rìn lọ́nà ọ̀fun òun, kì í ṣe pé ó ń ṣàn. Làbákẹ́ di ẹnu rẹ̀ mú kó má baà pọ̀ ọ́.

"Ẹni tó ń ṣe é kò jìnnà," ni Yẹ̀kínnì wí. "Mi ò ní í dárúkọ. Ohun tó rán wá á padà sílé, àmọ́ ọwọ́ tìẹ kọ́ ló máa dá a padà. Lọ́jọ́ tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ yẹn, má fọwọ́ kan irin gbígbóná. Wá ẹni tó jẹ́ àgbà yín níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o gbé e lé e lọ́wọ́."

Gbádé ní òfin àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó di yanrìn ló gbọ́dọ̀ da idẹ. Yẹ̀kínnì bi í pé nínú òfin àti àgbà, èwo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ nílé.

*

Ọjọ́ àlejò pé. A ti fi ọparun àti tapólì pa àgọ́ síwájú fáńdìrì, kí àlejò lè máa wo inú rẹ̀. Àwọn òbí wá, àwọn ọ̀gá láti ilé-iṣẹ́ ìjọba wá, ayàwòrán wá láti ilé ìwé ìròyìn kan. Gbádé ti parí yanrìn rẹ̀, ó ti yan án gbẹ, ó ti kó idẹ sínú ìkòkò lórí iná. Ní àkókò oúnjẹ, àwọn ọmọ lọ sí káńtíìnì, Gbádé lọ pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí èyí tó mọ́.

Jethro wọlé. Súùtì aláwọ̀ eérú ló wọ̀, pẹ̀lú sítọ́kìn funfun tó fà dé orúnkún lábẹ́ ṣòkòtò gígùn. Agolo náà wà nínú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá rẹ̀. Ìkòkò idẹ ń pariwo lórí iná, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti àpótí yanrìn, ó ṣí ewé lẹ́nu agolo, ó sì da ohun inú rẹ̀ sínú ihò tí idẹ yóò gbà. Kò ṣàn bí omi. Ó ń bọ́ sílẹ̀ ní kúlú-kúlú, ohun onírun yẹn há lẹ́nu ihò, ó sì ní láti fi ìka tì í wọlé. Ó nu ìka náà sí áńkáṣíìfù rẹ̀. Ó ká áńkáṣíìfù náà, ó sì tún un kì bọ àpò àyà súùtì rẹ̀ kó lè yọ góńgó sókè bó ṣe yẹ.

Ibi tó ti kúnlẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń kán omi sí fún àwọn ọmọ ní ọdọọdún.

Ó jáde lọ jókòó sí ìlà iwájú. Kò pẹ́ tí Gbádé wọlé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń to àga, mo sì rí i tó lọ dúró ti àpótí náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sójú ihò náà fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti wọ́. Mo bi í bóyá gbogbo nǹkan ti tó. Ó ní ó ti tó.

*

Pirinsípà sọ̀rọ̀ tó gùn. Àwọn ọmọ fi ẹ̀mú gbé ìkòkò idẹ kúrò lórí iná, wọ́n gbé e ti àpótí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mú kí àwọn àlejò máa ju ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣíbí irin ọlọ́wọ́ gígùn wà lórí ìdúró rẹ̀, ó ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Gbogbo wa ń retí kí Gbádé mú un.

Gbádé kò mú un. Ó rìn wá síwájú àwọn àlejò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Jethro Túbọ̀sún pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ìlà ẹ̀yìn, "ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Kò yẹ kí n da agogo kọ́lẹ́ẹ̀jì níbi tí ẹ̀yin bá jókòó sí. Ẹ dákun, ẹ bá wa dà á."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ìyá kan ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nìyí. Pirinsípà fúnra rẹ̀ dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé òfin fáńdìrì, ó na ọwọ́ sí Jethro pé kó máa bọ̀.

Báwo ni yóò ṣe kọ̀? Ta ló ń kọ irú ọlá bẹ́ẹ̀ lójú ẹgbẹ̀rún ojú? Jethro dìde. Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́, ó wọ̀ ọ́ sórí súùtì. Ọmọ kan gbé awò ojú wá fún un, àmọ́ ayàwòrán juwọ́ pé kó yọ ọ́ kí ojú rẹ̀ lè hàn nínú fọ́tò, ó sì yọ ọ́.

Ó bu idẹ. Ó gbé e dé ẹnu ihò. Ó ní ibẹ̀ ni òórùn náà ti bá òun, ibẹ̀ náà sì ni ojú òun ti là. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí fún àwọn ọmọ pé ìkán omi kan péré ni. Agolo odidi ló wà níbẹ̀. Bó bá ní yanrìn náà tutù, wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Ó gbójú sókè kí ó wá ojú Gbádé.

Gbádé kò sí nítòsí. Ó ti fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró sí ibi tí Jethro máa ń to àwọn ọmọ tuntun sí, ó sì ti na ọwọ́ méjèèjì dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ayàwòrán ní kí ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Jethro sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn ni, oògùn kì í ṣe omi. Ó sì yí ṣíbí.

Ilẹ̀ mì. Àpótí náà là sí wẹ́wẹ́, idẹ fò jáde láti inú yanrìn bí ẹni pé wọ́n tu ú dànù, òkè ni gbogbo rẹ̀ gbà, sójú ẹni tó dúró lé e lórí. Àwọn tó kù ṣubú lórí àga. Kò sí ẹlòmíràn tó fara pa. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni òórùn tó tẹ̀ lé e. Ìgbín sísè ni, òun àti irun tó jóná, òun àti ara ènìyàn, ó kún abẹ́ àgọ́ náà, ó wọ aṣọ àwọn àlejò. Àwọn obìnrin tó wọ léèsì ń bì sórí ara wọn. Áńkáṣíìfù náà ṣì yọ góńgó nínú àpò súùtì rẹ̀.

*

Jethro kò kú. Ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, imú rẹ̀ kù díẹ̀. Gbádé di yanrìn mìíràn, ó da agogo mìíràn, ó dún kedere, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá fáńdìrì. Wọ́n fún un nílé nínú ọgbà. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ agogo náà, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí ara Jethro balẹ̀ díẹ̀, Gbádé ní kí n bá òun lọ kí i. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Evelyn gbé àga fún wa ní fàráńdà, ó gbé ègé búrẹ́dì àti tíì wá. Obìnrin náà ti rù. Jethro jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lójú. Nígbà tí Evelyn wọlé, ó sọ ohun gbogbo fún wa, láti Ìdó títí dé àpò súùtì. Gbádé náà sọ tirẹ̀, láti ìdin dé gbẹ́rẹ́. Mo jókòó láàárín wọn, tíì ń tutù lọ́wọ́ mi.

Jethro wá yí orí sí apá ibi tí ohùn Gbádé ti ń wá.

"Ìbéèrè kan ló kù," ló wí. "Kó o tó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ṣé o gbóòórùn rẹ̀?"

Gbádé ní, "Mo gbóòórùn rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo fi wáyà kan wọ inú ihò náà. Ó jáde ní tútù."

Mo retí kí Jethro gbé e ṣépè. Mo retí kí Gbádé sunkún, kí ẹnìkan nínú wọn ṣáà sọ ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀kan da omi sínú yanrìn, èkejì rí omi nínú yanrìn, àwọn méjèèjì ló sì mọ ohun tí omi ń ṣe. Jethro kàn mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Gbádé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí Evelyn má baà gbọ́.

"Tìrìmísíyù ò mọ iṣẹ́," ló wí. "Ta ló ṣe tìẹ fún ẹ?"

Gbádé sì júwe ilé Yẹ̀kínnì fún un. Ó ní kí ó sọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, kí ó yà sí ọ̀tún, kí ó béèrè bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí ó sì sọ pé Gbádé ló rán òun wá. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń júwe ilé télọ̀ fún ọ̀rẹ́. Mo gbé tíì náà sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní fàráńdà, mo sì bì sínú gọ́tà tó wà níwájú ilé wọn.